Ṣúgà Inú Agogo

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé agogo ara ògiri ilé Alágogo kò ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún agogo ṣe fún onílé àti àlejò, tó lè gbọ́ ìró agogo láti ìta kó sì sọ ibi tó ti ń dùn ún, agogo ńlá onípákó tó wà ní pálọ̀ tirẹ̀ ti ya odi. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó tún un ṣe, á ní ọwọ́ òun kò tíì dilẹ̀. Ọwọ́ ta ni kò dilẹ̀? Ọwọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó jókòó sórí àga kó máa ka ìwé ìròyìn àná sí ajá létí!

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sóhun tó ń ṣe agogo náà. Ṣúgà ló wà níkùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún Alágogo ní ilé ìwòsàn pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ni ìyàwó rẹ̀ ti gbá gbogbo ohun dídùn jáde nínú ilé. Ìyá Olùkọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó náà, nítorí pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ìwà ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ó kó ṣúgà, ó kó oyin, ó kó jáàmù, ó kó bisikíìtì. Kódà, oògùn ikọ́ tó dùn díẹ̀ lẹ́nu kò ríbi sá sí. Alágogo kò bá a jà. Ó kàn rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ ra páálí ṣúgà oníhóró kan, ó yọ irin tó ń mì nínú ikùn agogo náà kúrò, ó to hóró ṣúgà síbẹ̀ bí ẹni to búrẹ́dì sórí àtẹ, ó ti ilẹ̀kùn pákó rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí Ìyá Olùkọ́ bá gbé tíì kíkorò wá fún un láàárọ̀, tó sì padà sí ilé ìdáná, kó tó débẹ̀, tíì ti dùn.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kú, tíì gidi ló fẹ́ mu.

Ẹ̀dá kan ṣoṣo ló mọ àṣírí yìí, ajá sì ni. Afínjú ni wọ́n ń pe ajá náà, orúkọ lásán ni, nítorí mi ò tíì rí ohun tí ajá yẹn kò lè jẹ. Ó ti jẹ ọṣẹ rí. Ó ti jẹ ìdajì bàtà àlejò, ó sì tún wo àlejò náà lójú. Kékeré ni, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, etí rẹ̀ kan nà, èkejì tẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ Alágogo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò lè di ìṣó kéékèèké inú agogo mú mọ́, oníbàárà ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi sí ẹni tó ń yà mọ́. Afínjú nìkan ni kò yẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀, á wá jókòó lẹ́bàá tábìlì iṣẹ́, á máa wo bàbá náà bí ẹni tó gbé agogo wá, tó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò ṣe é tán. Alágogo fẹ́ràn ajá náà ju bí ó ṣe lè jẹ́wọ́ lọ. Ó sì ní òfin kan lórí rẹ̀ tí kò jẹ́ rú: kì í fún un ní ṣúgà. Ó ti gbọ́ pé ohun dídùn a máa ba eyín ajá jẹ́, pé a sì máa fa aràn. Nítorí náà, bí ó ti wù kí Afínjú máa fi ojú bẹ̀ ẹ́ níwájú agogo tó, á sé ọkàn le, á dá mu tíì rẹ̀. Òun tó ń ba ara tirẹ̀ jẹ́ kò jẹ́ ba ti ajá jẹ́.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹrù dé láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Súìtì ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi, irú èyí tí wọ́n ṣe láìfi ṣúgà sí i. Inú Ìyá Olùkọ́ dùn débi pé ó ń kọrin. Ó da súìtì náà sínú abọ́, ó gbé e ka iwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó, ọmọ yín rántí yín. Kò ní ṣúgà rárá o! Ẹ máa jẹ ẹ́, á pè yín nírọ̀lẹ́, á fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu yín."

Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti sá aṣọ. Alágogo ju ọ̀kan sẹ́nu. Áà! Ó dà bí ẹni lá ara fíríìjì. Ó tu ú sọ́wọ́, ó wò ó, ó sọ ọ́ dànù sínú ìkòkò òdòdó. Kí ló máa wá wí fún ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́? Bó ti ń rò ó lọ́wọ́ ló bojú wolẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Afínjú.

Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Wò ó, súìtì tí kò ní ṣúgà! Kò lè ba eyín jẹ́, kò lè fa aràn. Ohun tí kò ṣe ènìyàn tó ń ṣàìsàn ní nǹkan, kí ló máa fi ajá tó lera ṣe? "Ire tìrẹ náà dé lónìí," ló sọ fún ajá náà. Ó tú ọ̀kan fún un. Afínjú rún un, kàrà-kàrà, ó sì na etí kejì tí kì í nà. Alágogo tún tú òmíràn. Kí á má fọ̀rọ̀ gùn, ó bọ́ ọ títí abọ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbófo, ó sì tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn síwájú ara rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i.

"Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ tó báyìí?" ni Ìyá Olùkọ́ wí nígbà tó wọlé.

"Ó dùn gan-an," ni Alágogo dáhùn.

Ojú obìnrin náà tàn. Ó ṣa àwọn ọ̀rá náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ohun iyebíye. Ìtìjú díẹ̀ gún Alágogo láyà, ṣùgbọ́n ó gbé ìwé ìròyìn bojú, ìtìjú náà sì kọjá.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Afínjú fi bì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ìròyìn, ajá tó ń jẹ ọṣẹ ní láti bì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ rìn kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, orí rẹ̀ lọ sósì. Ó ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, ó fi imú gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ó ṣubú, kò sì lè dìde mọ́. Alágogo pe orúkọ rẹ̀. Ojú ajá náà ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnì kankan.

Igbe Ìyá Olùkọ́ ló mú Télọ̀ wọlé. Télọ̀ ni aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé náà, ẹni tí kì í bọ́ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, tí kò sì sóhun tí kò ní oògùn fún. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n. Bí ilé rẹ bá ń jò, ó mọ̀ ọ́n. Ó fojú kan ajá náà báyìí, ó pariwo, "Májèlé ni! Wọ́n ti fi májèlé jẹ ẹ́! Mílíìkì dà? Mílíìkì ló ń pa májèlé!" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó ti sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti gbé agolo mílíìkì dé.

Ìyá Olùkọ́ kò wo mílíìkì. Télọ̀ gan-an ló ń wò, irú wíwò tó máa ń mú kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe.

"Télọ̀, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé eku ń jẹ aṣọ oníbàárà ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣebí ìwọ lo ra oògùn eku?"

Agolo mílíìkì dúró sókè lọ́wọ́ Télọ̀. "Ìyá, inú àpótí tí mo tì pa ló wà! Ajá yìí ò tiẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi lónìí!"

"Ajá yìí ń wọ ibi gbogbo. Bí ajá yìí bá kú, Télọ̀, Ọlọ́run ló máa dá wa lẹ́jọ́!"

Ẹ wá wo Alágogo. Ó kúnlẹ̀ ti ajá rẹ̀, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀ṣẹ̀ ru aláìṣẹ̀, kò sì la ẹnu. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa Télọ̀ lára. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé súìtì kọ́. Báwo ló ṣe máa jẹ́ súìtì, nígbà tí kò ní ṣúgà? Bí kì í bá sì í ṣe súìtì, kí ni àǹfààní kó sọ ọ́? Bí ènìyàn bá fẹ́ pa òtítọ́ mọ́, kò sí agbẹjọ́rò tó gbọ́n tó ọkàn ara rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ ló pe dókítà ẹranko, ọ̀dọ́bìnrin tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lẹ́yìn òpópónà kejì. Ó fi fóònù sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ajá náà.

"Dókítà, wọ́n ti fún ajá wa ní májèlé! Aládùúgbò wa ló..."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí."

"Ṣé ó lè gbé nǹkan mì fúnra ẹ̀?"

"Kò lè gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n a ti fẹ́ fún un ní mílíìkì..."

"Ta ló mú mílíìkì dání?"

"Èmi ni," ni Télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ga mọ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀. Ajá tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ẹ bá da nǹkan sí i lọ́fun, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀. Ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ wò ó fún mi: ṣé itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀? Ṣé ojú ẹ̀ ń ṣomi?"

"Rárá."

"Ó jọ pé kì í ṣe oògùn kòkòrò nìyẹn. Ẹ gbé ètè ẹ̀ sókè. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà ní erìgì ẹ̀?"

"Kò sí. Àmọ́ oògùn eku ni, dókítà, a mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀pọ̀ oògùn eku kì í yára báyìí, mà. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ìgbà wo lara ajá yìí le gbẹ̀yìn?"

"Láìpẹ́ yìí ló ń sáré kiri."

Télọ̀ mí kanlẹ̀. Ó fi etí okùn ìwọnṣọ nu ojú. Dókítà tún sọ̀rọ̀: "Ó dáa. Kí ló jẹ lónìí? Mi ò bi yín pé ta ló jẹ̀bi o. Ohun tó wọnú ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ má bá mi yan èyí tí ẹ rò pé ó ṣe pàtàkì. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀, èmi ni màá ṣà á."

Ìyá Olùkọ́ wo Télọ̀. Télọ̀ wo Ìyá Olùkọ́. Ẹsẹ̀ ajá náà ta lẹ́ẹ̀kan, ó tún ta. Alágogo gbé ọwọ́ lé e láyà, ó gbọ́ bí ó ti ń lù kìkìkì, tó yára ju agogo èyíkéyìí tó tíì tún ṣe lọ. Bó bá dákẹ́, ajá yìí yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Súìtì," ló wí.

"Bàbá, kí lẹ wí?"

"Ó jẹ súìtì. Èyí tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Èmi ni mo fún un. Abọ́ kan ni, ó kù díẹ̀."

Ìyá Olùkọ́ yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀. "Èyí tí ẹ ní ó dùn?"

Ṣùgbọ́n ohùn dókítà ti yí padà. "Irú súìtì wo? Ṣé èyí tí kò ní ṣúgà ni?"

"Òun ni, dókítà. Kò ní ṣúgà rárá. Ìdí tí mo ṣe rò pé..."

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló léwu, àmọ́ ohun tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà nínú òmíràn, májèlé ni fún ajá. Ó ti fa ṣúgà ara ẹ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e bọ̀ báyìí, gìrì lè mú un lọ́nà. Ẹ mú ṣúgà, ṣúgà gidi, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó ki, ẹ fi ìka pa á sí erìgì ẹ̀. Ẹ má dà á sí i lọ́fun, pípa ni kí ẹ pa á. Ẹ ṣe é báyìí báyìí!"

"Ṣúgà kẹ̀?" ni Ìyá Olùkọ́ wí, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. "Kò sí ṣúgà nínú ilé yìí o. Kò tiẹ̀ sí oyin. Mi ò gbà á láàyè." Nígbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yé! Kò sí ṣúgà nínú ilé yìí!"

"Télọ̀, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́?" ló yíjú bi í.

"Mílíìkì nìkan ni mò ń fi sí tíì, mà! Ẹ jẹ́ n sáré dé ìkóríta!" Ẹsẹ̀ Télọ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó ti wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Gìrì mú ajá náà. Ara rẹ̀ le gbagidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń sáré lójú àlá. Ìyá Olùkọ́ bú sẹ́kún. Ó ń pariwo sí fóònù pé wọ́n ti lọ rà á, wọ́n ti lọ rà á. Alágogo gbójú sókè, ó wo agogo. Bí mo bá ní kò rò ó wò, irọ́ ni mo pa. Ó rò ó. Ó ro bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti rí bí ilẹ̀kùn pákó yẹn bá ṣí, ó ro ojú ìyàwó rẹ̀, ó ro tíì kíkorò títí ọjọ́ ikú. Ó tún wo Afínjú, ó sì dìde.

Kọ́kọ́rọ́ kò wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jù. Ó tì í, ó yẹ̀. Ó tún tì í, ó bọ́ sílẹ̀. Ó mú un, ó sì na kọ́kọ́rọ́ náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi ṣí i."

"Agogo? Bàbá, agogo lẹ fẹ́ tún ṣe báyìí?"

"Ìyá, jọ̀ọ́. Bá mi ṣí i."

Ìyá Olùkọ́ ṣí i. Hóró ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀, pàrà, pàrà, pàrà. Ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga, ó tò jọ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí obìnrin tó bá lẹ́tà àlè nínú àpò ọkọ rẹ̀ rí, ojú tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ṣúgà ẹ̀kúnwọ́, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó fọ́ ọ, ó pò ó mọ́ omi. Ó gbé abọ́ náà fún ọkọ rẹ̀ láìwò ó.

Alágogo fi ìka pa ṣúgà sí erìgì ajá náà, lókè, nísàlẹ̀, lábẹ́ ètè. Eyín ajá gún un níka, kò yọwọ́. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ara tó le bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹsẹ̀ dákẹ́. Ahọ́n Afínjú jáde díẹ̀, ó lá ìka bàbá náà, ó tún un lá.

"Ó ń lá a!" ni Alágogo kígbe sí fóònù, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ gbùrù. "Dókítà, ó ń lá a!"

"Ó dáa! Ẹ máa pa á lọ, ẹ máa gbé e bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀!"

Télọ̀ já wọlé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù ìkóríta pa! Mo kanlẹ̀kùn títí..." Ó rí ilẹ̀ pálọ̀. Ó rí agogo tó yanu sílẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí ṣúgà?"

Ọkọ̀ Télọ̀ ni wọ́n wọ̀. Alágogo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ajá nítan àti abọ́ ṣúgà lọ́wọ́, Ìyá Olùkọ́ sì jókòó síwájú, ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ, ó ń wo ọ̀nà. Obìnrin tí ń fi ẹnu ṣàtúnṣe gbogbo awakọ̀ kò bá Télọ̀ wí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ Télọ̀ sì ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí ń rán aṣọ lójú ìlà wíwọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń ba Alágogo lẹ́rù. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ní ilé ìwòsàn ẹranko, dókítà kò kí wọn tán tó fi gbé Afínjú lé orí tábìlì irin. Ó gún etí rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan, ó mi orí, ó sì fa omi tó ní ṣúgà sí i lára láti ẹsẹ̀ iwájú. Kò pẹ́ tí etí kan fi nà. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de èkejì ni dókítà ti ń ṣàlàyé fún wọn. Ó ní bí ajá bá jẹ ohun yẹn, ara rẹ̀ a rò pé ṣúgà gidi ló dé, a sáré tú ohun tó máa ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣúgà kankan kò sì dé. Ìwọ̀nba tó wà ńlẹ̀ náà ló máa kó lọ. Ènìyàn á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Àwa pẹ̀lú ajá ò jọ ní ikùn kan náà," ló wí. "Ohun tó jẹ́ oúnjẹ fún ẹnì kan, májèlé ẹlòmíì ni. Bó sì ṣe pọ̀ tó náà wà ńbẹ̀. Ọ̀kan ì bá má ṣe é tó báyìí, àmọ́ abọ́ kan!"

"Èédú ńkọ́?" ni Télọ̀ béèrè. Ìgboyà rẹ̀ ti ń padà bọ̀. "Mo gbọ́ pé èédú ń fa májèlé."

"Ó ń fa òmíì, èédú tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Èyí kì í fẹ́ dúró fún èédú. Ẹ̀yin pẹ̀lú mílíìkì yín sì rèé, bàbá onímílíìkì! Ká ní ẹ ti dà á sí i lọ́fun ni, àìsàn méjì ni mi ò bá máa tọ́jú." Ó yíjú sí Alágogo. "Màá dá a dúró síbí, bàbá. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ṣúgà yẹn ló gbà á. Orí ló yọ yín tó jẹ́ pé ẹ ní in nítòsí."

Alágogo kò mọ ibi tó máa wò. Télọ̀ mọ̀, ó ń wo òrùlé, ó sì ti ki okùn ìwọnṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

"Télọ̀," ni Ìyá Olùkọ́ wí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ilé. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

"Ó ti tán, mà."

Ìyá Olùkọ́ ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, irú èyí tí dókítà lò fún ajá gan-an, ti ènìyàn ni tirẹ̀. Alágogo mọ ẹ̀rọ náà dáadáa, àràárọ̀ ni wọ́n fi ń gún un níka. Kò mọ̀ pé obìnrin náà ń gbé e rìn kiri.

"Ẹ mú ọwọ́ wá."

"Níbí? Ilé ìwòsàn ẹranko nìyí o."

"Mo mọ ibi tí mo gbé yín wá."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tún nǹkan tò tí kò nílò àtúntò. Alágogo na ọwọ́. Ìyá Olùkọ́ gún ìka náà, ó dúró, ó wo ẹ̀rọ. Ó gbé e yí sí ọkọ rẹ̀ kó lè rí i. Ó ga, ó ga gan-an. Alágogo ń retí ariwo, ó tiẹ̀ ti sún ọrùn wọlé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

"Gbogbo àárọ̀ ni mò ń rí i báyìí," ló wí. "Gbogbo àárọ̀. Mo rò pé ọwọ́ mi ni. Mo ní bóyá mi ò mọ oúnjẹ sè fún aláìsàn. Bó bá ti ga, màá yọ nǹkan kan kúrò nínú oúnjẹ yín, bó bá tún ga, màá tún yọ òmíì. Nígbà tí mi ò rí nǹkan yọ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọwọ́ mi má pa ọkọ mi."

"Ìyá..."

"Tíì tí mò ń mu ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ràn tíì kíkorò ni?"

Ohun tó sì rò nìyẹn o. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rí i tó ń mu ún lójúkojú pẹ̀lú òun, láìní ṣúgà, ó sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàwó òun lẹ́nu bí ewúrẹ́. Kò tíì wọ̀ ọ́ lọ́kàn rí pé nítorí òun ni. Ìtìjú tó fi ìwé ìròyìn lé lọ láàárọ̀ padà wá, ó sì kó gbogbo ìbátan rẹ̀ dání. Ó dùn ún ju eyín ajá lọ.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ lórí àpótí náà. Lórí tábìlì, etí Afínjú kejì kò nà, kì í kúkú nà, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ gbá irin lẹ́ẹ̀kan. Dókítà fọwọ́ pa á lórí. Kò sẹ́ni tó bi Alágogo ní nǹkan kan mọ́. Ìyá Olùkọ́ ti nu ojú, ó ti fi ẹ̀rọ sínú báàgì, ó sì ń dìde láti lọ.

Alágogo di etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ṣúgà tún kù," ló wí. "Inú bàtà òjò mi. Tẹsẹ̀ ọ̀tún."